Wáyà Dúdú Mẹ́jọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin kan ṣe lè mú orí ènìyàn gbóná láì sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan ṣoṣo jáde lẹ́nu, kó wá bi mí nípa Táòfíkì. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe, mi ò gbọ́ kó pariwo rí, mi ò sì gbọ́ kó bú ẹnikẹ́ni. Tó bá wọlé, á dọ̀bálẹ̀ kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó tíì gba sùúrù lọ́wọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí, bẹ́ẹ̀ mo ti fẹ́ ọkọ, mo ti tọ́ ọmọ, mo sì ti gbé lọ́dọ̀ onílé ní Èkó.

Kúnbi lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ìlérí ni wọ́n ń pè mí ní Òkè-Àfà, torí Ìléríolúwa ni àkọ́bí mi. Ọmọ Ṣàgámù ni mí. Iṣẹ́ ọ̀rá búrẹ́dì ni mò ń ṣe. Àwọn onílé búrẹ́dì á gbé ọ̀rá wá fún mi ní róòlù gbọọrọ, tí wọ́n ti tẹ orúkọ wọn sí lára. Ẹ̀rọ mi á máa fà á, á máa gé e, á sì máa fi iná lẹ ìdí rẹ̀ pọ̀. Ohun tó ń fa ọ̀rá náà ni wọ́n ń pè ní sítẹ́pà. Kì í yí fìrìfìrì bíi fáànù. Ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀ ló ń rìn, ibi tí wọ́n bá ní kó dúró gan-an ló sì gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá fi ìṣísẹ̀ díẹ̀ tàsé, orúkọ ilé búrẹ́dì á gé sí méjì, orí á wà lára ọ̀rá kan, ẹsẹ̀ á wà lára èkejì, oníbúrẹ́dì á sì kó gbogbo ẹ̀ padà wá bá mi.

Táòfíkì ló mọ sítẹ́pà jù ní gbogbo agbègbè wa. Ọmọ Ìkìrun ni, ó lé díẹ̀ lógójì ọdún, ó ga, ó tín-ín-rín, ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní àpò kan tí kò kún. Ó ti ṣiṣẹ́ rí nínú ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní ẹ́sítéètì Ìsọlọ̀, kó tó di pé ó ń dá ṣe. Kì í jalè, kì í parọ́. Àléébù kan ló ní: kì í ṣàlàyé. Bó o bá bi í pé kí ló ṣe ẹ̀rọ, á ní ó ti dáa. Bó o bá bi í pé kí ló ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, á ní nǹkan díẹ̀ ni. Kó tó fọwọ́ kan sítẹ́pà, á bẹ̀ mí pé kí n bọ́ síta kí ọkàn òun lè wà lójú kan. Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù, èmi tí mo ra ẹ̀rọ, màá wá dúró nínú oòrùn lẹ́bàá títì, tí àwọn tírélà tó ń lọ sí Ìsọlọ̀ á máa da eruku sí mi lára. Tó bá ṣe tán, á ṣílẹ̀kùn, á nu ọwọ́, á ní, "Ó ti dáa, Mọ́mì." Ó sì máa ń dáa lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló tún ń bí mi nínú.

Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ náà ní tòkúnbọ̀, wáyà mẹ́jọ ló jáde lẹ́nu sítẹ́pà rẹ̀, kálukú sì ní àwọ̀ tirẹ̀: pupa, funfun, yẹ́lò, búlúù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún kejì tí Táòfíkì bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú rẹ̀, mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo bá wáyà mẹ́jọ tí gbogbo wọn dúdú bíi kóró iṣin. Ó ti gé àwọn aláwọ̀ dé gbòǹgbò, ó so dúdú mọ́ wọn, ó wá da gọ́ọ̀mù àrálídáìtì bo ojú oríkèé wọn, ó sì gan bí òkúta. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kó lè dáa ni. Èmi òpònú rò pé wáyà dúdú ló lágbára jù, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú ààwẹ̀ Ràmàdáànì tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà wá bẹ́ jáde. Àlhájà Memunat, tó ni ilé búrẹ́dì kan ní Èjìgbò, ló ń fún mi ní iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ká sọ òótọ́, tí wọ́n bá yọ iṣẹ́ Àlhájà kúrò, èyí tó kù kò tó ohun tí mo lè tìtorí rẹ̀ máa ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìrọ̀lẹ́ ààwẹ̀ kọkànlélógún ló kó róòlù wá. Ọ̀kẹ́ méjì ọ̀rá ló fẹ́, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì géérégé, láàárọ̀ ààwẹ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, nítorí búrẹ́dì ọdún Ìtúnnu. Ó jókòó, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ní ilé iṣẹ́ kan ní ẹ́sítéètì ti ń bẹ òun láti gba iṣẹ́ náà, òun ń sọ fún wọn pé òun ti ní ẹni tó ń bá òun ṣe é. Ó ní tí n bá já òun kulẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ wọn lòun ń lọ, kò sì ní jẹ́ ti ọdún yìí nìkan. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣílẹ̀kùn, eku ti jẹ wáyà. Kò jẹ ọ̀rá, kò jẹ búrẹ́dì tí mo gbàgbé sórí tábìlì. Wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló gé láàárín, bíi pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹnu wáyà dúdú mẹ́jọ ló wà lápá sítẹ́pà, ẹnu dúdú mẹ́jọ mìíràn lápá bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí i. Èwo ló bá èwo tan? Ká ní àwọ̀ wọn ṣì wà lára wọn ni, èmi fúnra mi ì bá ti so pupa mọ́ pupa kí ògì àárọ̀ tó jinná.

Mo pe Táòfíkì, obìnrin ló gbé fóònù. Morọ́lá ìyàwó rẹ̀ ni. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí nípa àwọn ọmọ, ó wá ní ọkọ òun ti wọ ìtíkáàfì. Mo ti gbàgbé pátápátá. Lọ́dọọdún, tí ààwẹ̀ bá ti ku ọjọ́ mẹ́wàá, Táòfíkì á ká ẹní rẹ̀, á lọ sí mọ́ṣáláṣí kan ní Èjìgbò. Ibẹ̀ ni yóò máa sùn, ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣínu, ìrun kíkí àti Kùránì kíké nìkan sì ni iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Kì í jáde títí wọ́n á fi rí oṣù. Ẹni tó bá jáde lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ti ba ìtíkáàfì tirẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Oṣù méjìlá ló wà nínú ọdún, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni eku Òkè-Àfà yàn.

Mo lọ wá Aaron wá láti Ìsọlọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó dé, ó ṣí fóònù rẹ̀, àwòrán wáyà aláwọ̀ mèremère ló kún inú ẹ̀: sítẹ́pà oníwáyà mẹ́rin, oníwáyà mẹ́fà, oníwáyà mẹ́jọ, àti bí wọ́n ṣe ń so kálukú. Ó wo fóònù, ó wo tèmi. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tètè tán. Òun ló là mí lójú pé ọgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ni, pé ẹni tó bá sọ wáyà di dúdú báyìí kò fẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ lè pe ẹlòmíràn láéláé. Inú mi gbóná débi pé mo ní láti fìdí kalẹ̀.

Aaron fi mítà wá wọn. Ó rí i pé méjì méjì ni wáyà náà, torí kọ́ìlì mẹ́rin, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká jọ roboto, ló wà nínú sítẹ́pà, kálukú sì ní ẹnu méjì. Ó fi òwú so méjì méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n èwo nínú kọ́ìlì mẹ́rin náà ló yẹ kó bá èwo ṣe pọ̀, apá ibo ló sì yẹ kí kálukú kọjú sí, mítà ò sọ ìyẹn fún un. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí dábàá. Gbogbo ìgbà tó bá tan iná, sítẹ́pà á kàn máa gbọ̀n, á máa kùn, kò ní kúrò lójú kan. Títí di ọjọ́ kẹta, ọ̀nà tó ti dábàá lé ní ogún. Èmi tí mi ò gbààwẹ̀ ni mo wá ń ka ọjọ́ ààwẹ̀ ju àwọn tó ń gbà á lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ààwẹ̀ kẹrìnlélógún, mo fi ìborùn bo orí mọ́ ọrùn, mo di mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, torí mi ò lè lọ bá aláàwẹ̀ lọ́wọ́ òfo, mo sì gba Èjìgbò lọ. Díkónẹ́ẹ̀sì ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ bá rí mi lẹ́bàá fèrèsé mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ yẹn, kò tíì bi mí.

Ọkùnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gba kúlà lọ́wọ́ mi, ó lọ pe Táòfíkì. Ó wá sójú fèrèsé nínú jàlàbíà funfun, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù díẹ̀, ojú rẹ̀ sì balẹ̀ bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Ìbàlẹ̀ ojú yẹn dùn mí. Mo ro ẹjọ́ eku fún un, mo ro ti Aaron, mo ní kó ṣáà sọ fún mi, wáyà wo ló ń lọ síbo. Ó wolẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì."

Mo rò pé ó ń sọ pé kò yẹ kóun sọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Kò kọ ọ́ síbì kankan, kò sì há a sórí. Gbogbo ìgbà tó bá tú wọn, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ọwọ́ ló ń fi wá a. Ẹ wo ọkùnrin tó ti ilẹ̀kùn pa nítorí olè, tó tún sọ kọ́kọ́rọ́ sínú kànga, tí òun náà wá dúró síta. Mo wò ó títí, mi ò mọ èyí tí ǹ bá bú nínú òun àti eku.

Ó wá ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wá a, pẹ̀lú ohùn kékeré, bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀. Ó ní kọ́ìlì mẹ́rin náà, ọmọ ìyá méjì méjì ni wọ́n. Kí n mú ọ̀kan, kí n so ó mọ́ àyè kìíní lára bọ́ọ̀dù, kí n mú òmíràn sí àyè kejì. Tí sítẹ́pà bá rìn, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Tó bá kàn ń gbọ̀n, ọmọ ìyá ni wọ́n. Lẹ́yìn náà, kí n so àwọn ọmọ ìyá pọ̀, kí n tan iná, kí n fi ọwọ́ gbìyànjú láti yí irin àárín rẹ̀. Tó bá le, tí kò ṣeé yí, wọ́n ti gba ti ara wọn. Tó bá rọ̀ wọ̀ọ̀, ìjà ni wọ́n ń jà, ọ̀kan ń pa agbára èkejì, kí n yí ẹnu ọ̀kan padà. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí fi ń lé mi síta láti ọdún mẹ́fà nìyẹn.

Ó tún wá ní, "Síríìsì ni kẹ́ ẹ ṣe é o, Mọ́mì. Kí iná gba inú kọ́ìlì àkọ́kọ́ kọjá kó tó dé inú ìkejì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe pàrálẹ́ẹ̀lì fún yín, kí iná máa pín wọ inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo bi í pé kí nìdí. Bí mo ṣe bi í ni wọ́n pe ìrun. Ó ní kí n ṣáà ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì yí padà lọ. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Aaron jọ bẹ̀rẹ̀. Ó ń so wáyà, èmi ń di irin mú. Nígbà tí àwọn méjì àkọ́kọ́ gba ti ara wọn, tí irin yẹn le mọ́ mi lọ́wọ́ lójijì, mo hó bí ọmọdé. Kó tó di ọ̀sán a ti rí gbogbo rẹ̀. Mo gé téèpù funfun wẹ́wẹ́, mo kọ nọ́ńbà sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn, inú mi sì tún bàjẹ́, torí obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni mí, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe láàárín wákàtí mẹ́ta.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ síríìsì àti pàrálẹ́ẹ̀lì. Aaron ní síríìsì á falẹ̀. Ó ṣírò ó lójú mi: tí iná ò bá lọ, tí èmi náà ò bá sùn, agbára káká ni ọ̀kẹ́ méjì á fi pé láàárọ̀ ààwẹ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ó ní pàrálẹ́ẹ̀lì ló máa ń sáré, ó fi hàn mí nínú fóònù, ó sì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní Táòfíkì ní ká má ṣe é.

"Mọ́mì, kò fẹ́ kí ẹ̀rọ yín sáré ni," ni Aaron wí. "Tó bá ń sáré, tí kì í bàjẹ́, kí lẹ tún fẹ́ máa pè é fún?"

Mo rò ó wò. Ẹni tó fi àwọ̀ mẹ́jọ pa mọ́ fún mi, kí ni kò ní fi pa mọ́? Ẹni tí mo bi pé kí nìdí, tó ní kí n ṣáà ṣe é. Ẹnu èmi Kúnbi yìí náà ni mo fi sọ pé kí Aaron ṣe pàrálẹ́ẹ̀lì. Ó sì tún yí àwọn súìṣì tíntìntín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, kí iná tó ń jáde lè pọ̀ sí i, torí kọ́ìlì méjì ló fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rọ náà fò. Mi ò rí irú eré bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ọ̀rá ń já lulẹ̀ gbà-gbà-gbà, orúkọ ilé búrẹ́dì sì wà láàárín gẹ́gẹ́. Mo ń ṣà á jọ, mo ń bú Táòfíkì sínú. Mo ní ọdún mẹ́fà ni ọkùnrin yìí fi so mí mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Ní ọ̀sán ààwẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti wà nílẹ̀, mo sì ti ń ronú ẹ̀bà tí màá jẹ. Ni òórùn kan bá gba imú mi. Kí n tó yíjú, èéfín ti ń jáde lára bọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ sì dákẹ́ jẹ́.

Aaron dé, ó gbé bọ́ọ̀dù sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó ti jó. Ó ní òun ò ní irú ẹ̀, òun ò sì mọ ẹni tó lè rí i kí ọdún tó dé. Ó bẹ̀ mí díẹ̀, ó wá rántí pé ẹnì kan ń dúró de òun ní Ìsọlọ̀. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilẹ̀ ọ̀la ló sì máa mọ́ tí ọkọ̀ Àlhájà á dé.

Mo tún gba mọ́ṣáláṣí lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò gbé oúnjẹ dání. Ẹjọ́ ni mo gbé lọ. Bí Táòfíkì ṣe yọ sójú fèrèsé ni mo bẹ̀rẹ̀, ohùn mi sì ròkè débi pé àwọn ọkùnrin tó wà nínú ilé dákẹ́ Kùránì wọn. Mo sọ ti oòrùn tó ń pa mí lẹ́bàá títì, mo sọ ti wáyà dúdú, mo ní òun ló kọ́ mi láti má gba òun gbọ́. Mo ní bí òun bá ti sọ ìdí kan fún mi, ìdí kan péré, bọ́ọ̀dù mi ì bá wà láyè, Àlhájà ò sì ní gbé iṣẹ́ lọ lọ́la. Mo ní kó máa gbàdúrà rẹ̀ lọ. Ó jẹ́ kí n rojọ́ tán, ó wá bi mí:

"Bọ́ọ̀dù nìkan ló jó? Sítẹ́pà ò ṣe nǹkan kan?"

Mo ní sítẹ́pà ò ṣe nǹkan kan. Ó mi orí, ó yí padà, ó wọlé lọ. Mo ní ẹ ò rí i, ó tún kẹ̀yìn sí mi. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó síwájú róòlù tó kù, mo ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ fún Àlhájà.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Táòfíkì wọlé. Jàlàbíà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹní rẹ̀ wà ní kíká lábẹ́ abíyá, ó sì gbé bọ́ọ̀dù kan dání tó ti lọ yọ kúrò lára ẹ̀rọ tó ń tò fún ara rẹ̀ nílé.

Èmi kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n mo ti bá wọn gbé pẹ́. Mo mọ ọjọ́ tí a wà. Tí oòrùn ọjọ́ yẹn bá ti wọ̀, òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n ló dé, òru tí àwọn tí kì í kírun rárá pàápàá ń fi sùn sí mọ́ṣáláṣí, torí wọ́n gbà pé ohun tí ènìyàn bá tọrọ nínú rẹ̀ kì í lọ lásán. Nítorí òru yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń wọ ìtíkáàfì. Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde, tí mo ní kó padà kíákíá, kí oòrùn tó wọ̀.

"Mo ti jáde, Mọ́mì. Ti ọdún yìí ti tán. Ẹ bá mi di irin yẹn mú."

Inú wá bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí mo ti ń kó ìbínú jọ fún láti ọdún mẹ́fà, ó tún wá gba ìbínú yẹn lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹní lábẹ́ abíyá. Mo di irin mú.

Ó tú pàrálẹ́ẹ̀lì Aaron, ó ń wo nọ́ńbà tí mo lẹ̀ mọ́ wáyà, ó ń so wọ́n ní síríìsì. Kò ní kí n bọ́ síta. Bó ṣe ń so ó ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní kékeré ni bọ́ọ̀dù mi. Iná tí pàrálẹ́ẹ̀lì ń fẹ́ ju èyí tó lè gbé lọ, ṣùgbọ́n ní síríìsì, iná díẹ̀ ti tó sítẹ́pà. Á falẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìfalẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó jó láti ọdún mẹ́fà yìí wá. Kò ju èémí mẹ́ta lọ tó fi sọ ọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ èyí lójú fèrèsé, kí ló dé tí kì í fi í sọ nǹkan kan. Ó so wáyà méjì kó tó fèsì, kò sì gbójú sókè.

"Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀gá ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ sínú ìwé, káwọn yòókù lè rí i kà. Mo kọ ọ́, Mọ́mì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, mo yàwòrán sí i. Nígbà tí mo fi ìwé náà sílẹ̀ fún wọn, kò pé oṣù kan tí wọ́n fi ní kí n máa lọ."

Mo bi í bóyá ó rò pé èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun. Ó ní òun ò rò ó, ẹ̀rù rẹ̀ ló kàn ń ba òun.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí rìn, jẹ́jẹ́, bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, mo fún un ní omi àti dàbínù, ó ṣínu, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹ̀yìn àpò ọ̀rá, ó kírun níbẹ̀. Ó ń pààrọ̀ róòlù, mò ń ka ọ̀rá, a sì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ọkọ̀ Àlhájà dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, Àlhájà fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kẹ́ méjì pé. Ó ní òun á sọ fún àwọn ará ẹ́sítéètì pé kí wọ́n má ṣèyọnu mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, Àlhájà rí Táòfíkì tó sùn sórí ẹní, ó bi mí pé ṣé kì í ṣe ẹni tó wà ní ìtíkáàfì ní mọ́ṣáláṣí Èjìgbò nìyẹn. Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un.

"Lóru àná?" ló bi mí. "Òru àná náà ló jáde?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bọ́ bàtà, ó rìn lórí ìka ẹsẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sùn sí, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Táòfíkì jí, mo bi í pé kí ló ń tọrọ tó fi wọ ibẹ̀ lọ́dún yìí. Mo ní bóyá ohun tí èmi náà lè bá a wá nǹkan ṣe sí ni. Ó ká ẹní rẹ̀, ó ní àárín òun àti Ọlọ́run ni. Mo tún bi í nígbà tó di ọdún Ìtúnnu, tó gbé ẹran wá fún mi. Ó ní kí n jẹ ẹran.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ní kí kálukú gbé ọwọ́ sókè, kó sọ ohun tó ń fẹ́ fún Ọlọ́run. Tèmi pọ̀ nílẹ̀: orúnkún mi, iṣẹ́ tí Ìlérí ń wá, ọ̀rọ̀ onílé. Mo fi gbogbo wọn sílẹ̀. Mo ní, Olúwa, ọkùnrin kan wà ní Èjìgbò tó ń jẹ́ Táòfíkì. Ohun tó ń bá Ọ sọ tí kò ráyè sọ tán nítorí mi, jọ̀ọ́, ṣe é fún un. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo ti bi í, alágídí náà ò sọ.